Ọdún Mẹ́ta tí Àmùrè Fi Wà Lọ́wọ́ Wọn

Kàkà kí Ojúọlá gbé àmùrè náà sínú igbá, kí ó sì fi aṣọ funfun bò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí i, ìbàdí ara rẹ̀ ni ó so ó mọ́. Ó so ó le. Awọ màlúù náà ti gbó, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, òórùn òógùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ti wọ inú rẹ̀ débi pé bó ti wù kí wọ́n sá a sóòrùn tó, kò ní lọ mọ́. Owó ẹyọ ni wọ́n rán mọ́ ọn lára yí ká, méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ojúọlá fi àtàǹpàkò tọ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì jáde síta.

Hàlímọ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Hàlímọ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó ki. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ti ẹni tó ti fi ogún ọdún ru ẹ̀gúsí láti oko wá sí ọjà Èrúwà, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ẹrù.

"Wọ́n ní kí o gbé e sínú igbá wá," ni ó wí.

"Mo gbọ́."

Hàlímọ̀ wo ìbàdí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó yẹ ọ́. Jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n gba ọ̀nà pápá. Láti àárọ̀ ni èrò ti ń wọ Èrúwà láti Lánlátẹ̀, láti Ìdèrè, láti Tápà, àwọn mìíràn lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ lórí ẹsẹ̀ wọn. Ọdún 1946 ni. Àwọn ọmọ ogun ti padà dé láti Bọ́má, ìjàkadì oníméjì sì tún máa wáyé láàrin àwọn ọkùnrin fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún.

Ìjàkadì oníméjì yìí kì í ṣe ti ọ̀kan sí ọ̀kan bí ti àwọn ọmọdé lójú ọgbà. Ẹni méjì ní ń bá ẹni méjì jà. Ọ̀kan á wà nínú iyanrìn, èkejì á dúró lẹ́yìn, á di okùn tí wọ́n so mọ́ òpó mú. Bí ó bá rẹ ẹni inú iyanrìn, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á gbá ẹnì kejì rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn á sì wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti jáde nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì bá kanlẹ̀ nìkan ni àmùrè tó lè kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣàngótọ́lá ará Tápà àti àbúrò ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á, ní ọdún 1931, wọ́n sì mú un fún ọdún mẹ́rin. Àwọn ará Ìdèrè méjì kan gbà á lọ́wọ́ wọn, ọdún kan péré ni tiwọn. Lẹ́yìn náà ni Ògúndìran, ọkọ Ojúọlá, àti Òkè ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Èrò a máa pe àwọn méjèèjì ní Ilẹ̀kùn, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣí, èkejì á tì. Ọdún mẹ́fà tẹ̀ léra ni wọ́n fi mú un, kò sì sí ẹni tó dá wọn.

Ogun ló wá mú wọn lọ. Ní ọdún 1942 wọn kò tilẹ̀ jà rárá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà jókòó sí pápá, iyanrìn wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn tí agbára wà lápá wọn ti wọṣẹ́ ológun, àwọn tó kù ti sá wọ oko. Ìgbà náà ni Sàrátù, obìnrin Lánlátẹ̀ kan tó gbé ẹ̀wà wá tà, sọ igbá ẹ̀wà kalẹ̀, tó fi ọ̀já di ìbàdí, tó sì bọ́ sí àárín. Ó ní òun kò rin gbogbo ọ̀nà yẹn wá wo iyanrìn lásán. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló jà lọ́jọ́ náà, méjì-méjì, Ojúọlá àti Hàlímọ̀ ló sì gbẹ̀yìn lórí ìdúró. Ṣàngótọ́lá ará Tápà náà, tí wọ́n ti ń pè ní Bàbá Ṣàngótọ́lá, tó sì ti di olórí ìgbìmọ̀ ìjàkadì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àmùrè fún wọn. Wọ́n tún gbà á ní ọdún kejì. Wọ́n gbà á ní ọdún kẹta.

Ọdún kejì yẹn ni lẹ́tà dé láti Bọ́má. Zachariah, akọ̀wé kóòtù tó tún jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, ló kà á fún Ojúọlá ní ìyẹ̀wù rẹ̀, bí ó bá ti ka gbólóhùn kan ni yóò yọ gíláàsì ojú rẹ̀, tí yóò nù ún. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, Ojúọlá wọ iyanrìn. Àwọn ènìyàn kùn. Wọ́n ní kí ni opó ń wá níbi ìjàkadì. Wọn kò mọ̀ pé kò sí ibi tó yà sí ní gbogbo ìlú tí wọn kò ti rọra fi ohùn kẹ́lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, àti pé inú iyanrìn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti ṣàánú rẹ̀. Sàrátù gbá a mú lọ́jọ́ náà bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ojúọlá gbé e ṣánlẹ̀, eyín Sàrátù kan sì yọ. Nígbà tó délé, ó sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé pápá, ìjà àwọn ọkùnrin ti ń parí lọ. Òkè àti ẹnì kejì rẹ̀ tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wàhábì, ti dá àwọn ará Igbó-Ọrà, wọ́n sì ti ń nu ara wọn. Ojúọlá rí Òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti rù. Ìka méjì kò sí ní ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tó ti dé láti ogun, ẹ̀ẹ̀kan ló wá kí i. Ó jókòó sórí ẹní títí oòrùn fi yí, kò lè wo ojú rẹ̀, kò sì lè sọ ju pé "Ìyá Òjó, ẹ kú ìrọ́jú" lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní Bọ́má, ni Ògúndìran kú sí.

Zachariah sáré wá pàdé wọn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ funfun nini. Ó rí àmùrè ní ìbàdí Ojúọlá, ó sì ṣe bí ẹni kò rí i.

"Ìyá Òjó, ẹ káàbọ̀. A ti gbé àga sílẹ̀ fún yín láàrin àwọn àgbà. Ẹ̀yin ni opó akọni wa."

Ojúọlá wo àga náà. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ òfì sórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí Hàlímọ̀. "Ti Ìyá Àmínà ńkọ́?"

"Àga kan la gbé, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ kó ṣófo," ni Ojúọlá wí, ó sì dúró ti Hàlímọ̀ láàrin èrò.

Zachariah padà síwájú, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àmùrè láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó borí. Ohùn rẹ̀ dára. Ó ka ti Tápà, àwọn ará Tápà pariwo. Ó ka ti Ìdèrè. Nígbà tó dé orí Ògúndìran àti Òkè, ó fi ọ̀wọ̀ kà á, àwọn ọkùnrin sì ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ìwé tuntun.

"Láti ọdún 1942 títí di 1945, kò sí ìjàkadì, nítorí ogun. Àmùrè wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ opó Ògúndìran." Ó gbé ojú sókè. "A ń pe opó akọni yìí jáde, kí ó fi àmùrè ọkọ rẹ̀ lé àwọn tó borí lónìí lọ́wọ́."

Èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rọra pa á bí ìgbà tí ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ níbi òkú. Ojúọlá jáde lọ sí àárín iyanrìn. Ó ti rò pé òun máa bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ẹnu, ohùn rẹ̀ tutù.

"Akọ̀wé, ta ló dá wa?"

"Ìyá?"

"Èmi àti Ìyá Àmínà. Ní ọdún mẹ́ta yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ ka orúkọ ẹni tó dá wa fún mi, kí n mọ ẹni tí mo máa gbé àmùrè fún."

Ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba inú èrò. Zachariah sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n pápá ti dákẹ́ débi pé gbogbo ènìyàn gbọ́. "Ìyá, ẹ má bínú. Eré la fi yẹn ṣe, kí ọdún má baà parẹ́. Ìwé yìí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ìbàdàn. Báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin ló mú àmùrè Ìbàràpá? Wọ́n á ní kò sí ọkùnrin níbí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Sàrátù ló kọ́kọ́ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ó ti dìde, ó ń fi ìka tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀. "Eyín mi tó yọ ńkọ́? Ṣé ìpamọ́ ló yọ ọ́?"

Ẹ̀rín bú. Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojúọlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Oṣù mẹ́fà ló ń lò nílé rẹ̀, oṣù mẹ́fà nílé mi. Bó bá jẹ́ pé nítorí opó ni wọ́n ṣe fi pamọ́, èmi tí ọkọ mi jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń jẹ obì, ta ló kú fún mi?"

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín náà kò ṣe é dá dúró mọ́. Àwọn àgbà pàápàá ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Zachariah gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe tọ́. Àmùrè kò lè kọjá sọ́dọ̀ wọn nígbà tí kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó dá Ògúndìran àti Òkè. Wọ́n fi sílẹ̀ lọ sógun ni. Ìpamọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ojúọlá, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá wọn. Ó ń gbọ́ bí èrò ṣe ń kùn, pé ọ̀rọ̀ Akọ̀wé mọ́gbọ́n wá.

"A kò fi pamọ́."

Òkè ló sọ̀rọ̀. Ó ti jáde láàrin àwọn tó ń fún un lómi. Kò tíì wo Ojúọlá síbẹ̀. Bàbá Ṣàngótọ́lá ló kọjú sí.

"Ọjọ́ tí mọ́tò ológun wá kó wa, Ògúndìran ní kí a yà síbí. Òun ló tú àmùrè kúrò ní ìbàdí. Ó gbé e lélẹ̀ sórí iyanrìn yìí. Ó ní, 'Òkè, gbé ọwọ́ rẹ lé e.' Mo gbé e lé e. Ó ní, 'A ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kù nílé ni kó jà fún un.'" Ó gbé ọwọ́ tí ìka mẹ́ta ṣẹ́kù sí sókè. "Ọwọ́ yìí ni. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ gbé e nílẹ̀ lẹ́yìn wa."

Ojúọlá kò mọ ìyẹn. Ògúndìran kò sọ fún un. Ó rò ó wò, ọkùnrin náà tó tẹ̀ ba síbí yìí, tó gbé ohun tó fẹ́ràn jù lélẹ̀, kí ó tó dìde wọ mọ́tò.

Bàbá Ṣàngótọ́lá ti ń gbọ́ látìgbà yìí. Ó ti di arúgbó, orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ṣì nípọn bíi ti ẹni tó mú àmùrè ọdún mẹ́rin. Ó mi orí. "Òótọ́ ni. Ó wúwo lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà." Ó kọjú sí Zachariah. "Ní 1935, ẹ̀yìn mi kanlẹ̀ kí àmùrè tó kúrò nílé mi. Kò sí ẹni tó ní kí n fi aṣọ funfun bò ó, kí n gbé e wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, kó lọ gbà á bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, ọkùnrin? Pẹ̀lú obìnrin?" Zachariah wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Mùkáílà ọkọ Hàlímọ̀. "Bàbá Àmínà, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀?"

Mùkáílà jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì. "Ẹ bi í," ni ó wí. "Apá tirẹ̀ ni."

Wàhábì fa Òkè lápá. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá dá mi ńkọ́?"

"Wọ́n á ti dá ọ nìyẹn," ni Òkè wí.

Bàbá Ṣàngótọ́lá là á kalẹ̀ pé apá àti ọ̀já ìbàdí nìkan ni ẹnikẹ́ni lè dì mú. Wọ́n gbé àmùrè lé orí àpótí níwájú rẹ̀. Ojúọlá ló kọ́kọ́ wọ iyanrìn, Hàlímọ̀ di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀. Wàhábì ló wọlé ní tiwọn. Ó di ọ̀já Ojúọlá mú bí ẹni fẹ́ mú iṣu gbígbóná, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàrin èrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojúọlá tì í. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ojúọlá tún tì í, ó fà á, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ojúọlá na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Àtẹ́lẹwọ́ Hàlímọ̀ wà níbi tó máa ń wà. Ó ró pà.

Hàlímọ̀ kò yí ẹnikẹ́ni po. Ó tẹ̀ wọ abẹ́ apá Wàhábì bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù ẹ̀gúsí, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọ lẹ́yìn orúnkún, ó sì nàró. Ẹsẹ̀ Wàhábì méjèèjì kúrò nílẹ̀. Gbogbo pápá mí kanlẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan iyanrìn.

Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Sàrátù ń fò sókè sódò. Àwọn obìnrin Lánlátẹ̀ tú gèlè, wọ́n ń jù ú. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń pariwo "Hàlímọ̀ o! Hàlímọ̀!" àwọn ọkùnrin sì ń gbè é. Wàhábì jókòó sórí iyanrìn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn fún un.

Òkè wọlé. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì jáfara. Òun àti Hàlímọ̀ gbá ara wọn mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, orí mọ́ orí, bí àgbò méjì. Hàlímọ̀ gbìyànjú ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn. Òkè ti rí i, ó gbé tirẹ̀ kúrò. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni Òkè fi fà á lọ sí ibi tí ó ń tì sí, Hàlímọ̀ sì ṣubú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojúọlá. "Apá òsì ni kò lágbára," ni ó sọ sí i létí.

Ó wá ku ẹnì kan sí ẹnì kan.

Nígbà tí Òkè di ọ̀já rẹ̀ mú, Ojúọlá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìka mẹ́ta àti ìka márùn-ún náà rọ̀. Ó ń rọra tì í kiri bí ẹni ń sin àlejò jáde. Ó fẹ́ yí i po nígbà méjì mẹ́ta kí èrò rí nǹkan wò, lẹ́yìn náà kí ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Òun ni ìyàwó Ògúndìran. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣán ìyàwó Ògúndìran mọ́lẹ̀?

Ojúọlá tẹ orí mọ́ èjìká rẹ̀. "Bàbá Salome, ẹ má ṣe mí jẹ́jẹ́."

Òkè tún rọra tì í.

"Bí ẹ bá ṣe mí jẹ́jẹ́, Akọ̀wé ló jàre."

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí. Lẹ́yìn náà Òkè gbé orí sẹ́yìn, ó sì wo ojú rẹ̀, tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìka mẹ́jọ náà le lára ọ̀já.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Ojúọlá kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló lò, ọkùnrin náà sì mọ gbogbo rẹ̀. Ó fà á, Òkè bá a lọ. Ó tì í, Òkè kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Òkè gbé e dé ẹ̀gbẹ́, tí ó ku díẹ̀ kó ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ojúọlá yí ara rẹ̀ padà lófuurufú bí ológbò, tó fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Ó rántí apá òsì. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé e, ìka mẹ́ta náà yọ̀, ẹsẹ̀ Òkè kan kúrò nílẹ̀, ó sì ń ta kébékébé lórí èkejì. Èrò dìde. Ojúọlá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe Ìyá Òjó, kì í ṣe opó ẹnikẹ́ni. "Ojúọlá!" ni wọ́n ń pè, ọkùnrin àti obìnrin, láti ọ̀tún àti láti òsì. Ó tún tì í sí i. Bí ó bá jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ Hàlímọ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, bóyá ó máa parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára apá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán, Òkè sì mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà kanlẹ̀. Ó tẹ̀, ó gbé Ojúọlá kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi í ṣánlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó wà lára rẹ̀.

Ojú ọ̀run funfun. Kò rí èémí mí. Iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀, wà ní imú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń jó o bí ẹni tẹ́ ẹ sórí ẹyín iná. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti rò pé bí òun bá ṣubú, ìtìjú ló máa kọ́kọ́ dé. Kò dé. Òkè ti gbà á. Ó ti fi òógùn àti ìka mẹ́jọ gbà á, ọwọ́ òun ló sì ti gbà á, kì í ṣe láti ara ògiri tí wọ́n gbé e kọ́ sí, kì í ṣe láti inú igbá. Ojúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tó wà, kò sì tíì lè mí tán.

Òkè na ọwọ́ sí i, ọwọ́ òsì. Ojúọlá dì í mú, ó dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àmùrè lórí àpótí, òun àti Hàlímọ̀ jọ so ó mọ́ Òkè ní ìbàdí, Hàlímọ̀ sì fún un le débi pé Òkè ní "ẹ rọra." Wàhábì kò dé ibẹ̀ rárá láti wá fọwọ́ kàn án. Iwájú Hàlímọ̀ ló lọ dọ̀bálẹ̀ sí, gbogbo ara rẹ̀ kún fún iyanrìn.

"Ìyá Àmínà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní ẹsẹ̀ yẹn."

"Wá sóko mi lọ́jọ́ ajé," ni Hàlímọ̀ wí. "Bí o bá ti ru ẹ̀gúsí fún ọdún kan, ó máa yé ọ."

Nígbà tí èrò ń tú ká, Zachariah wá bá wọn lábẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí. Ìwé náà wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fa ìlà kan la ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ́lẹ̀ já, ó fà á tààrà, bí ẹni tó mọ̀ pé òyìnbó máa rí i.

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Orúkọ yín gan-an ni mo nílò. Ìyá Òjó kò ṣe é kọ síbí."

"Ojúọlá."

"Ojúọlá Ògúndìran?"

Ó rò ó díẹ̀. Ògúndìran ti ní ọdún mẹ́fà tirẹ̀ nínú ìwé yẹn. "Ojúọlá, ọmọ Ifáwùmí. Ẹ kọ ti Ìyá Àmínà sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ẹ má kọ ọ́ sí abẹ́."

Zachariah kọ ọ́. Ojúọlá kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ó sì rí i pé ìlà kan ṣoṣo ni, kò já. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlà kan fún ọdún kan. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí yíǹkì náà kí ó gbẹ.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ilé. Ìbàdí Ojúọlá fúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ó ń tiro díẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọrùn títí dé ìdí, gbogbo ìgbésẹ̀ ló sì ń rán an létí ibi tí ilẹ̀ ti pàdé rẹ̀.

"Yà sílé mi," ni Hàlímọ̀ wí. "Mo ní òrí. Jẹ́ kí n fi ra ẹ̀yìn yẹn fún ọ kí o tó sùn."

"Rárá."

"Ó máa le lọ́la."

"Mo mọ̀." Ojúọlá dúró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, ó fara dà á, ó sì tún ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú iyanrìn lọ gba ìrora yìí wá. "Jẹ́ kó wà lára mi di ọ̀la ná."